Omi Wà ní Ìbàdàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Rìn Dé Etí Adágún Márùn-ún tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Kì í Yà Sí

Bí ẹ bá sọ fún ará Ìbàdàn pé ẹ fẹ́ lọ jókòó sétí omi lọ́jọ́ Sátidé, ohun tó máa bi yín ni pé, "Ṣé Èkó lẹ ń lọ ni?" Lójú tiwa, Èkó ló ni ọ̀sà, Èkó ló ni òkun, tiwa ni òkè, páànù tó ti dípẹtà, àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Bí wọ́n bá sì dárúkọ odò nílùú yìí, ẹ̀rù ló ń bà wá. Àwọn àgbà rántí omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Àwa tó kéré sí wọn rántí ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò ìrọ̀lẹ́ kan gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, tó sì pa èèyàn tó lé ní 100.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn kiri etí omi ní Ìbàdàn, ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀ kò jọ omíyalé rárá. Mo ti rí igi kan tó funfun láti orí dé ìdí nítorí lékeléke tó sùn sórí rẹ̀ mọ́jú. Mo ti rí ẹyẹ kékeré elẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ìbínú odò nìkan ló mọ̀, kò ní bìkítà nígbà tí wọ́n bá ń da pàǹtí sínú rẹ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń gé igi etí rẹ̀ kọ́lé. Mo fẹ́ kí ẹ lọ rí omi Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Adágún márùn-ún ni mo máa mú yín dé: ti Ògùnpa nínú ọgbà Agodi, Awba nínú Yunifásítì Ìbàdàn, Ẹlẹ́yẹlé, ti IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àti Àṣejíire lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Odò ni wọ́n dí kí omi lè dúró, kí ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́ lè rí omi lò. Nítorí náà, gbogbo wọn ló ní olówó orí, gbogbo wọn ló ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìdajì ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí a ṣe ń wọlé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ gun òkè

Ó lè ya yín lẹ́nu pé òkè ni mo ní kí ẹ gùn nígbà tó jẹ́ omi lẹ ń wá. Ẹ lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààre lọ́dún 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílùú yìí. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín ló fún un lórúkọ tí gbogbo wa ń pè é.

Láti òkè yẹn, ẹ máa rí i pé páànù Ìbàdàn kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ilé já, tí igi tò tẹ̀ lé ara wọn, odò ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ògùnpa gba àárín ìlú, Kúdẹtì wà níhà ìsàlẹ̀ ìlú àtijọ́, Ògbéré wà níhà ìlà-oòrùn, Ọ̀nà sì ń bọ̀ láti àríwá gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí gúúsù. Odò Ọ̀nà yìí ló bí Ẹlẹ́yẹlé. Létí Kúdẹtì ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ oníwàásù Ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), tẹ̀dó sí láyé àwọn ológun Ìbàdàn, ọgbà ìjọ wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òní ni àwọn èèyàn ti ń wá etí odò jókòó sí nílùú yìí.

Bí ẹ bá ti fojú ara yín rí bí odò ṣe pín ìlú, ọ̀nà kò ní rú yín lójú mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: àsìkò, ẹrù àti ara

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, omi ṣì kún, ilẹ̀ kò yọ̀. Àsìkò yẹn náà ni lékeléke ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gba ìhà àríwá lọ. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó sá òtútù ilẹ̀ Yúróòpù náà máa ń wà níbí nígbà ọyẹ́, tí wọ́n ń fò kọjá lórí omi, tí wọ́n ń mú kòkòrò. Lóṣù Kẹta, omi á ti fà, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ á sì máa rùn díẹ̀. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó jáde, ẹ má sì dúró sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi adágún ti ń tú jáde. Ìkún-omi ọdún 1980 àti ti ọdún 2011, oṣù Kẹjọ ni méjèèjì.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án ni kí ẹ wà létí omi. Lẹ́yìn agogo mẹ́wàá, oòrùn á ti mú, ẹyẹ á ti wọ ibòji, ẹ̀yin náà á sì ti fẹ́ máa lọ.

Ní ti ẹrù: bàtà tó bo ẹsẹ̀ (sílípáàsì kò dára fún koríko etí omi, nítorí ejò), aṣọ alápá gígùn, òróró tí ń lé ẹ̀fọn, omi mímu, àti káàdì ìdánimọ̀. Ẹ mú owó díẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú èyí tó wà nínú fóònù, nítorí níbòmíràn ẹ̀rọ POS kì í ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lè yá awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ yá a. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń jí láago márùn-ún lọ́jọ́ ìsinmi. Mi ò ní kọ iye owó ìwọlé síbí, torí kí ẹ tó kà á ó lè ti yí padà. Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ ṣáájú, tàbí kí ẹ bi ẹni tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ara tó ṣe kókó: ẹ má wẹ̀ nínú adágún wọ̀nyí, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ pé ẹ fẹ́ tura. Inú omi tó dúró lójú kan, tí ìgbín omi wà, ni àtọ̀sí ajá ti ń ran èèyàn. Kòkòrò rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ọmọ bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi náà, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó dé etí adágún. Oògùn rẹ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi Agodi bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ọmọdé bá wà lọ́wọ́ yín

Agodi ló rọrùn jù nínú márààrún, òun náà ni ẹ ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ti ewéko. Ògùnpa ya wọ ọgbà náà lọ́dún 1980, ó gbé púpọ̀ nínú ẹranko lọ, ibẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe, tí wọ́n ṣí i padà lọ́dún 2014.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: Agodi Gate kọ́ ni ọgbà Agodi. Bí ẹ bá sọ "Agodi" lásán fún onímíkírà, ìyẹn awakọ̀ takisí Micra, Gate ló máa já yín sí, láàárín ọjà àti ariwo ọkọ̀. "Agodi Gardens, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹkitéríàtì" ni kí ẹ wí. Láti Mọ́kọ́lá kò jìnnà rárá.

Ọ̀pọ̀ tó ń wá síbẹ̀ kì í kọjá ibi odò ìwẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Orin máa ń ròkè níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ kọjá wọn. Ẹ máa rìn lọ lábẹ́ igi títí ẹ ó fi dé etí adágún Ògùnpa. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé, ó lè jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn tó ń gbálẹ̀ nìkan lẹ máa wà níbẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí wọ́n máa ka irú ẹyẹ tí wọ́n bá rí. Àwọn ọmọ tí mo mú lọ kọ́kọ́ ń kùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi ni mò ń bẹ̀ wọ́n pé ká máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Awba

Ọdún 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn dí odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Awba, kí ọgbà lè ní omi tirẹ̀. Ó kéré sí Agodi lókìkí, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù ú lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Òjòó láti Sángo, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ńlá Yunifásítì, ẹ wọ kábú inú ọgbà, kí ẹ ní Awba Dam lẹ ń lọ. Bí awakọ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹja. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹ má ju ìwọ̀ sínú rẹ̀ láìgba àṣẹ, omi ìwádìí ni. Ibi tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni orí ìdídò fúnra rẹ̀, níbi tí ẹ ó ti rí omi lápá kan, tí ẹ ó sì rí igbó lápá kejì. Bí ó bá ṣe pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń lọ sí Bódìjà tàbí Àgbọ̀wọ́, ẹ lè yà síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì náà wà nínú ọgbà kan náà, ó sì tó fún ìyókù ọjọ́ bí ẹ bá mú ọmọ dání.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹlẹ́yẹlé, ìyá gbogbo wọn

Ibi yìí ni ọkàn mi wà. Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́dún 1948, ìtòsí ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ọmọ ogun ti lò fún ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n tó kó lọ sí ibi tí wọ́n wà lónìí. Omi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn rí nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀ ni ẹ máa rí yìí.

Láti Dùgbẹ̀, ẹ wọ Micra tó ń gba Jẹ́ríkò lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Láti Sángo náà, ọkọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà rí omi náà, ẹ má sì da wọ́n pọ̀.

Èkíní ni ọgbà ilé iṣẹ́ omi, níbi tí ìdídò wà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Omi tí ìlú ń mu ló ń tibẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì tọrọ àṣẹ. Bí ẹ bá jẹ́ ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́, lẹ́tà ni kí ẹ kọ. Ẹ má yọ fóònù ya àwòrán ẹ̀rọ wọn láìbéèrè. Ẹ̀ṣọ́ tó bá gba fóònù lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ọ̀nà kejì ni etí omi lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Adágún náà gùn, ó na apá sókè lọ síhà Àwọ̀tán àti Apẹ̀tẹ̀, àwọn apẹja sì ní ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ àjẹ̀ wọn mọ́. Ẹ má kàn já wọ àárín wọn bí ẹni wọ ọjà. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú ewu òru." Àwọn mìíràn ti wà lórí omi láti òru. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ súnmọ́ wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí pa. Epìyà àti àrọ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹ ra díẹ̀ nínú rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá ní ín lọ́kàn láti ra ẹja. Ẹni tó bá ra ẹja ti di oníbàárà, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á sì sọ fún un ibi tí àwọn ẹyẹ wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bí bàbá kan bá ní kí ẹ wọ ọkọ̀ òun, ẹ béèrè ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúró sórí ilẹ̀. Mi ò ka bí omi ṣe pa rọ́rọ́ sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò.

Ohun tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ ẹwà nìkan. Ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ rí bí àlùkò, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ti tẹ́ lé orí omi náà bí ẹní. Àwa Yorùbá máa ń gbàdúrà pé ojú-oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Èyí tó ń lékè báyìí kì í ṣe ojú-oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àjèjì ni, ó sì ń mú kí ẹja má rí afẹ́fẹ́ mí, kí ọkọ̀ má sì rí ọ̀nà kọjá. Igbó tí wọ́n gbìn yí adágún náà ká, tí igi tíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n gbìn kí ilẹ̀ má baà ya bọ́ sínú omi. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé sì ti dé ibi tí kò yẹ kí ilé dé. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, ilẹ̀ pupa ni ó ń gbé wọ inú adágún. Adágún tí ilẹ̀ bá ti kún inú rẹ̀ kò ní àyè fún omi mọ́, omi náà yóò sì wá àyè lọ síbòmíràn: ìyẹn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún 2011. Lẹ́yìn ìkún-omi náà ni ìjọba yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, tí wọ́n tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ wo igi tó kù létí omi náà kí ẹ tó kúrò, kí ẹ kà wọ́n bí ẹ bá lè kà wọ́n.

Ẹ má fi ọ̀rá omi tàbí agolo sílẹ̀. Èmi máa ń mú àpò kan dání, mo ń ṣa ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà tí mo gbà wọlé, mi ò sì ṣe ju ìyẹn lọ. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin apẹja kan gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó, ó sì kún un fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ń padà lọ gba Jẹ́ríkò, tí àyè sì wà, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, FRIN, wà lórí òkè níbẹ̀ láti ọdún 1954. Omi kọ́ ni tiwọn, igi ni. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ rìn lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: IITA, ibi tí a kì í yà sí láìsọ tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Òjòó. Ilẹ̀ wọn tó hẹ́kítà 1,000. Nínú rẹ̀, igbó hẹ́kítà 350 ló wà tí wọn kò gé, tí adágún ńlá kan sì wà nínú ọgbà náà. Oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Láàárín ohun tó lé ní 50 ọdún, igi ti padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀: ìrókò, àràbà, arère, pẹ̀lú okùn igbó tó nípọn ju apá mi lọ. Mo máa ń ronú nípa èyí bí mo bá ti Ẹlẹ́yẹlé dé: bí a bá fi igbó sílẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé.

Ẹyẹ tó lé ní 250 irú ni wọ́n ti kà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ìlú wa. Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà, òyìnbó onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, J. H. Elgood, ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1958, tí wọ́n sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ ní *Malimbus ibadanensis*. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó wà ní gbogbo àgbáyé, ó sì ti wà lára àwọn ẹyẹ tó lè parun. Mo ti lọ sí igbó yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i, lókè orí igi, fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Báwo lẹ ṣe máa wọlé? Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ya sí lójijì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fẹ́ mọ ẹni tó ń retí yín. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ gba yàrá tàbí kí ẹ ṣètò oúnjẹ ní ilé àlejò tó wà nínú ọgbà, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ fẹ́ rìn nínú igbó tàbí létí adágún, kí wọ́n so yín mọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó náà. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ darapọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ń wo ẹyẹ ní Ìbàdàn, nítorí wọ́n máa ń gba àṣẹ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà kan, mo mú àlejò méjì tó ti ọ̀nà jíjìn wá lọ sí ọgbà kan láìsọ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀rín àti ìkíni á tó. A dúró sínú oòrùn fún wákàtí kan, wọ́n sì dá wa padà. Láti ọjọ́ náà, mi ò jáde nílé láìní orúkọ ẹni tó ń retí mi àti nọ́mbà rẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú igbó, ẹ rìn lórí ipa ọ̀nà tí wọ́n là. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ má já ewé, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n sí ewé oògùn. Létí adágún, ẹ wò dáadáa fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun. Wọ́n ń súfèé bí ọmọdé, ẹ ó gbọ́ wọn kí ẹ tó rí wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Àṣejíire, fún odindi ọjọ́ kan

Èyí jìnnà díẹ̀, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Ìbàdàn níhà ìlà-oòrùn. Ẹ wọ ọkọ̀ Ìkirè, Gbọ̀ngán tàbí Ifẹ̀ ní Ìwó Road, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ kí ẹ tó jókòó pé Àṣejíire lẹ máa bọ́ sí. Bí ẹ bá dákẹ́, Ìkirè ló máa gbé yín dé.

Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n dí níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: odò tó ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, tí wọ́n ń bọ ní Òṣogbo lóṣù Kẹjọ, tó sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́, òun ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ń mu láti ẹnu ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ọmọ Ọ̀ṣun ni wá.

Omi náà gbòòrò ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ọ̀nà ńlá gba orí rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ sì ń sáré gan-an, nítorí náà ẹ má rìn lórí afárá láti ya àwòrán, ẹ má sì sáré la títì kọjá pẹ̀lú ọmọ. Ẹ yà sí ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn abúlé apẹja. Ìkíni tí mo sọ ní Ẹlẹ́yẹlé ló wúlò níbí pẹ̀lú, àmọ́ ẹ béèrè baálẹ̀ tàbí àgbà abúlé kí ẹ tó tẹ́ ẹní síbikíbi. Bí wọ́n bá ní ibì kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò dé, ẹ má béèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì. Ìwakùsà góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ láti òkè, nítorí náà ẹ má bu ú mu, ẹ má sì fi fọ èso.

Ẹ gbé oúnjẹ yín lọ láti ilé, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún ẹja. Wọ́n ń dín in, wọ́n ń yan án lẹ́bàá ọ̀nà. Èyí tó ṣì gbóná ni kí ẹ rà, kí ẹ wo ojú ẹja tútù bí ẹ bá fẹ́ gbé e relé: ojú tó ń dán ni ti òní, èyí tó ti wọnú ti pẹ́. Ìyá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí n ná an kọjá ẹ̀ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, á ní, "Ọmọ mi, lọ bá odò ná an." Ẹ mú kúlà kékeré pẹ̀lú yìnyín dání, kí ẹja tútù má baà bàjẹ́ nínú ọkọ̀.

Apá ibi tí ọkọ̀ ń kọjú sí Ìbàdàn ni kí ẹ dúró sí bí ẹ bá ń padà, lọ́wọ́ ibi tí àwọn ọlọ́jà wà, kì í ṣe níbi tó dá. Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, oòrùn á ti rọ̀ sórí omi, àwọn lékeléke á sì ti máa bọ̀ láti oko ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ wò wọ́n títí di márùn-ún, kí ẹ wá ọkọ̀, nítorí ojú ọ̀nà yẹn kò dára lálẹ́.